Àwọn àmì funfun tí wọ́n bá nínú ọpọlọ àbúrò mi

Nítorí orí fífọ́ la ṣe gbé e lọ ya àwòrán ọpọlọ o, kò sí nǹkan mìíràn tó ń ṣe é. Ọ̀kadà ló gbá àbúrò mi ọkùnrin nírọ̀lẹ́ Fúráìdé kan lẹ́bàá Bọ́lọ́rundúró níbí ní Iléṣà, káfíńtà ni, ọmọ ọdún 34, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ ni, ó forí gbálẹ̀, ó sì dákú fún bí ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kó tó mọ ibi tó wà. Wọ́n ya àwòrán CT fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú, wọ́n rán orí rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, orí ṣì ń fọ́ ọ, pàápàá tó bá dúró ti ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó, ni dọ́kítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní kó lọ ya àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MRI kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe kékeré. Èmi dá tèmi, ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ékòó dá tiẹ̀, Màámi kó owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé e.

Kí n ti sọ èyí kí n má baà gbàgbé: orí fífọ́ yẹn lọ fúnra rẹ̀ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje. Ọ̀kadà ló fà á, ó sì tán. Ohun tí MRI wá rí yẹn kò bá ọ̀kadà tan rárá, ó ti wà níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, bóyá ó tiẹ̀ ti pẹ́ gan-an, àwa la kàn ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá a.

Rìpọ́ọ̀tì náà kò ju ojú ìwé méjì lọ. Ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó sán, kò sí kókó. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ ọ́ pé àwọn àmì funfun kéékèèké wà níbẹ̀ tó rí bí ẹyin ẹyẹ, wọ́n lé ní mẹ́sàn-án, púpọ̀ nínú wọn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi tó wà láàárín ọpọlọ, méjì sún mọ́ èèpo ọpọlọ lókè, ọ̀kan sì wà lórí afárá tó so ọpọlọ apá ọ̀tún mọ́ ti òsì, pé ó jọ multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS, kí wọ́n fi wé bí ara aláìsàn ṣe ń ṣe é. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò sẹ́ni tó kà fún wa. Ẹni tó gba pépà náà lọ́wọ́ wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mi ò sì ní dárúkọ ibẹ̀, orí ìdúró ló ti kà á, ní kọ́rídọ̀, èrò ń kọjá, obìnrin kan gbé ọmọ tó ń sunkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní "ẹ máa múra sílẹ̀ o, àrùn ọpọlọ ni, àwọn tó ní i, orí wheelchair ni wọ́n máa ń parí ẹ̀ sí." Ó dá pépà padà fún àbúrò mi, ó wọlé. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Kò ní kó rìn kóun wò ó. Títí dòní, tí mo bá rántí bí ojú ọmọ yẹn ṣe rí nígbà tó ń ká pépà náà sí méjì, inú mi máa ń bà jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "àrùn ọpọlọ" túmọ̀ sí létí ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa rò ó sí iṣan tàbí ẹsẹ̀. Wèrè ni wọ́n máa rò. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a dé, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Atákúmọ́sà níbi tí ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ti ń ta èlò ọbẹ̀, ìdílé wọn sì ránṣẹ́ pé kí introdọ́ṣọ̀n tí a fẹ́ ṣe dúró ná. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan wá láti oko, ó ní ọ̀kadà kì í déédé gbá èèyàn, pé wọ́n ti fi nǹkan lù ú, ó gbé àgbo ìgò méjì wá. Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. A gbà á, Màámi gbà á pẹ̀lú omijé.

Àbúrò mi náà wá wọ orí Google lálẹ́. Mo mọ̀ torí mo rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn, aago kan òru, aago méjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ọwọ́ òsì òun ń ta òun ṣánṣán, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo láàárọ̀, ó ní òun ò ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan sísẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí pákó, ó sunkún, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sáré wá pè mí. Ó dá owó ẹ̀dáwó padà fún oníbàárà méjì, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun á ṣì ṣiṣẹ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ọjọ́ tí wọ́n ka pépà yẹn fún un ni gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn kó tó dìgbà náà.

Biology ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà ó dá mi lójú pé kò yẹ kí pépà kan dá ẹjọ́ èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n rí èèyàn náà. Mo béèrè káàkiri títí mo fi gbọ́ ti dọ́kítà iṣan àti ọpọlọ kan ní Ifẹ̀, obìnrin ni. A gbéra ní ìdájí Mọ́ńdè, a gba Òṣú kọjá, Màámi ní àwọn ò ní dúró sílé, bí wọ́n sì ṣe dé ibẹ̀ báyìí, wọ́n fi àga ti ẹnu ọ̀nà yàrá dọ́kítà, wọ́n ṣe òṣómàáló sídìí ẹ̀, àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá sọ ohun tó ń ṣe ọmọ àwọn fáwọn.

Dọ́kítà yẹn ò wo pépà. Ó ní kí àbúrò mi gbé e sápò ná. Ó wá ń bi í ní ìbéèrè, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú: ṣé ojú kan ti dùn ẹ́ rí tó wá ń ríran bàìbàì fún ọjọ́ mélòó kan? Ṣé o ti jí rí tí ẹsẹ̀ kan kú típiri? Ṣé ìtọ̀ ti ṣe ẹ́ bákan rí, kó má jáde tàbí kó má ṣeé mú dúró? Tó o bá tẹrí ba, ṣé nǹkan máa ń sá wìrì lọ sí ẹ̀yìn rẹ bí iná NEPA? Ṣé omi gbígbóná máa ń mú kí ara rẹ rọ? Gbogbo ẹ̀, rárá ni. Ó ní kó rìn lórí ìlà kan, gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀, kó dijú kó fi ìka kan imú, ó fi òòlù rọ́bà kan orúnkún rẹ̀, ó gbé irin tó ń dún hùnùnhùnùn lé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ojú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ tó ń ta ṣánṣán ńkọ́? Ó bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó bi í bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, tó bá ti fi ọwọ́ ti orí sùn, tó ń tẹ fóònù.

Ó ní èyí tó bá wá láti inú MS kì í ṣe ti ìṣẹ́jú, ó máa ń lé ní wákàtí 24 gbáko, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń tó ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, tójú bá dùn ẹ́ tó ṣú, tí ẹsẹ̀ rọ, tí apá kan ara kú tó sì kọjá ọjọ́ kan, máa bọ̀ wá bá mi, bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ló wo ọmọ yìí sàn ju ohunkóhun lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ ò ta mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó gba síídì, ó wo àwòrán náà fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ka ohun tí ẹlòmíràn kọ. Ó wá sọ ọ́ fún Màámi ní Yorùbá. Ó ní Màmá, ẹ wò ó bí wáyà iná, wáyà náà ní rọ́bà lára, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá àìsàn jà lè ṣìnà kí wọ́n máa bó rọ́bà yẹn, ibi tí wọ́n bá ti bó o, tó bá jinná, àpá ló máa ń fi sílẹ̀. Ohun tí orúkọ òyìnbó yẹn ń sọ gan-an nìyẹn, àpá líle tó pọ̀. Dọ́kítà ará Faransé kan, Charcot, ló ṣàpèjúwe àìsàn náà yékéyéké ní Paris lọ́dún 1868. Ó ní kì í ṣe wèrè, kò sì bá wèrè tan. Màámi ní "àpá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, àpá ni, ojú àpá ò lè jọ ojú ara, ìyẹn la ṣe ń rí i lórí àwòrán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpá ni kì í dun ẹni tó ni í.

Kò sọ pé MS ni o, kò sì sọ pé kì í ṣe MS. Ó ní àìsàn yẹn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, Yúróòpù àríwá, Kánádà, wọ́n ka àwọn tó ní i káàkiri àgbáyé tó bíi mílíọ̀nù 2.8 ní 2020, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tí kò jìnnà sí wa níbí, tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ti kọ ọ́ láyé ọjọ́un pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń rí. Ó sì fi kún un pé láyé ìgbà yẹn kò sí MRI ní Nàìjíríà, ohun tí èèyàn ò ní ojú láti wò, kò lè kà á. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn tó ń yẹ òkú wò lókè òkun ti máa ń bá irú àpá yìí lọ́pọlọ àwọn tó kú nípa nǹkan mìíràn pátápátá, tí wọn ò ráhùn rí láyé wọn.

Ìdí mìíràn tí kò fi yára sọ̀rọ̀ ni pé níbí, ohun tó ń mú kí funfun hàn lọ́pọlọ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, sickle cell, máígírénì, HIV, sífílíìsì, àìtó fítámìnì B12, àti lupus, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó dáa, ó gba ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo èyí tó kù, jẹ́nótáìpù rẹ̀ AA ni, kò sí nǹkan kan nínú èyíkéyìí. Ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà jókòó sórí afárá yẹn, kì í sì í nàró bí ìka ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi báyìí. Ọ̀kan wà tó tẹnu mọ́ gan-an, wọ́n ń pè é ní neuromyelitis optica, ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń bá jà jù, ó sì ń mú àwa èèyàn dúdú ju òyìnbó lọ. Wọ́n lè wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń pè é ní AQP4. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń dààmú lórí èyí tí kò sí àmì rẹ̀ lára ọmọ wa, ó ní torí àwọn oògùn MS kan wà tó lè mú kí ìyẹn le sí i, téèyàn bá sáré fún un lóògùn láìwádìí, ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ ọ lójú. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ síta, ó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí i. A tún wá owó, a ya ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní MRI. Mímọ́ gaara.

Ó wá sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ipò tí àbúrò mi wà fún wa, radiologically isolated syndrome, pé àwòrán nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ara ò tíì sọ nǹkan kan. 2009 ni Dọ́kítà Okuda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún un lórúkọ yẹn. Ní 2014 wọ́n kó àkọsílẹ̀ èèyàn 451 jọ láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, kò sí ti Áfíríkà nínú ẹ̀, wọ́n rí i pé láàárín ọdún márùn-ún, 34 nínú 100 ló wá ní àmì àìsàn. Nígbà tó fi máa di 2020 tí wọ́n wo ọdún mẹ́wàá, ó ti di bíi 51 nínú 100. Ohun tó ń tì í sókè nínú ti 2014: kéèyàn má tíì pé ọdún 37, kó jẹ́ ọkùnrin, kí àpá wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Àbúrò mi ní méjì àkọ́kọ́, kò ní ìkẹta. Bó ṣe ń sọ ọ́ mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ni Màámi tí kò mọ̀wé bá bi í pé, "àwọn 49 tó kù ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe?" Dọ́kítà ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, Màmá.

Oògùn ńkọ́? Ó sọ òtítọ́ fún wa. Láàárín 2022 sí 2023, ìwádìí méjì jáde lórí irú àwọn èèyàn báyìí gan-an, ọ̀kan lo dimethyl fumarate fún bí ọdún méjì, èèyàn 87 ló wà nínú ẹ̀, ó dín ewu àmì àkọ́kọ́ kù ju ìdá 80 nínú 100 lọ, èkejì lo teriflunomide, èèyàn 89, òun náà dín in kù dáadáa. Èèyàn ò pọ̀ nínú méjèèjì, ó sì ní oògùn tí èèyàn máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, tí ó wọ́n, tí kò rọrùn láti rí níbí, tí wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ fún, ẹni tí ara ò ṣe é ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ jókòó rò ó. Ìmọ̀ràn tiẹ̀ ni pé ká máa ṣọ́ ọ: MRI lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òmíràn tó bá pé ọdún kan. Ó ní kó jáwọ́ nínú sìgá lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí sìgá wà lára ohun tó ń ti àìsàn yẹn síwájú. Ó jáwọ́.

Ibi tí èmi àti àbúrò mi ò ti fohùn ṣọ̀kan ni ti omi ẹ̀yìn. Dọ́kítà ní òun lè fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, tí wọ́n bá rí àwọn ìlà kan nínú ẹ̀ tó fi hàn pé àwọn ọmọ ogun ara ń jà nínú ọpọlọ, á jẹ́ pé ewu pọ̀ sí i. Àbúrò mi kọ̀. Ó ní Àǹtí mi, tí wọ́n bá rí i, owó oògùn wà ni? Tí kò bá sí owó oògùn, kí ni mo fẹ́ fi ìròyìn yẹn ṣe, ṣé kí n tún padà sórí Google ni? Mo bínú, mo ní kí n mọ̀ ọ́n sàn ju kí n má mọ̀ ọ́n. Dọ́kítà ní ara tiẹ̀ ni, òun kò ní fipá mú un, tó bá yí ọkàn padà ilẹ̀kùn ṣí. Mo ṣì rò pé ó yẹ kó ti ṣe é nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó tó sọ yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìṣirò ni.

Èmi ni mo lọ bá ìyá ọmọbìnrin náà lọ́jà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, wọ́n ń gba owó tòmátì, wọ́n ń dá mi lóhùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé ṣé ó máa ń dá sọ̀rọ̀. Mo ní rárá, Mà. Ṣé ó ti lu ẹnikẹ́ni rí? Rárá, Mà. Mo ṣàlàyé wáyà àti rọ́bà àti àpá, mi ò fi pamọ́ pé ó lè di àìsàn lọ́la, mi ò fẹ́ kí wọ́n fọmọ fún wa nínú òkùnkùn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ta ló wá sọ pé wèrè ni?" A jọ wá ẹni náà títí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, a ò rí i, gbólóhùn méjì tí ẹnì kan sọ ní kọ́rídọ̀ ni. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ò fìgbà kankan yẹsẹ̀, kí n sọ ìyẹn. MRI oṣù kẹfà jáde, kò sí àmì tuntun, a ṣe introdọ́ṣọ̀n ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín púpọ̀.

A ṣe ti ọdún kan ní oṣù tó kọjá. Àmì tuntun kan yọ, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi. Ara ò ṣe é ní nǹkan kan, dọ́kítà tún yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀, ìlànà tuntun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025 gbà pé nígbà míràn wọ́n lè pe irú àwòrán báyìí ní MS bí ara ò tiẹ̀ tíì sọ nǹkan kan, tí ẹ̀rí mìíràn bá ti kún un, bíi àmì tuntun tàbí ohun tí wọ́n rí nínú omi ẹ̀yìn. Òun ò tíì fẹ́ fi orúkọ yẹn lé e lórí kí omi ẹ̀yìn tó fọhùn, ó sì fẹ́ ká tún jókòó sọ̀rọ̀ oògùn, ẹ̀gbọ́n wa l'Ékòó ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Àbúrò mi ò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi dọ́kítà pé ṣé wákàtí 24 yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, dọ́kítà ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fa omi náà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un. Ó ń sáré parí bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan báyìí torí wọ́n ti ní kó má gbé nǹkan tó wúwo fún ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Màámi ní àwọn ń bá wa lọ, síídì gbogbo wà nínú báàgì wọn láti àná, wọ́n wé e mọ́ àárín ìró.